Wẹ́ẹ̀bùsáìtì wo lẹ̀ ń lò gan-an? Ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ síbí

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ fọwọ́ sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí nǹkan tí ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n téèyàn bá kọ nǹkan sórí Google báyìí, ìpolówó ló máa kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn ìyẹn á wá kan àwọn ojúewé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dà kọ lára ara wọn, èèyàn á kà á títí, dátà á tán, ohun téèyàn tìtorí ẹ̀ wá gan-an ò ní sí níbẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ ṣe JAMB, màmá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni bàbá mi ń lò lójoojúmọ́, èmi náà sì fẹ́ràn ìwé Yorùbá àtijọ́. Ẹ bá mi dárúkọ sáìtì tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò, kẹ́ ẹ sọ nǹkan tẹ́ ẹ fi ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ da líǹkì sílẹ̀ lásán o, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wa.

Tíṣà Ìlú

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìbéèrè. Ti JAMB ni màá dáhùn torí àwọn ọmọ tó ń múra ẹ̀ ni mò ń kọ́. Kí àbúrò yín tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní káfẹ́, kó kọ́kọ́ lọ sí ibass.jamb.gov.ng. JAMB fúnra wọn ló ni ín. Ìwé tó ń sọ kọ́ọ̀sì tó wà ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn èèyàn ń fowó wá kiri, ibẹ̀ ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, òun àti sílábọ́ọ̀sì gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Á mú ilé ìwé tó fẹ́, á mú kọ́ọ̀sì, ibẹ̀ á sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ ṣe nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB gan-an, fún un, á sì sọ kírẹ́díìtì tí wọ́n ń bèèrè nínú WAEC tàbí NECO. Kó kà á dáadáa, torí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kàgbákò nìyẹn. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà, English, Biology, Chemistry àti Physics ni tiẹ̀, tó bá lọ fi Mathematics rọ́pò ọ̀kan níbẹ̀ nítorí pé ó mọ ìṣirò, kò sí máàkì tó gbà tó máa gbé e wọlé. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò, tó sì jókòó sílé lọ́dún yẹn tìtorí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan, torí ìṣẹ́jú mélòó kan lórí fóònù ni ì bá fi mọ̀.

Tó bá kan kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, á kọ NIN, á fi àyè sílẹ̀, á wá kọ nọ́ńbà 11 ti NIN ẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Tí kò bá rántí NIN ọ̀hún, kó tẹ *346# lórí láìnì tó fi gbà á. Ìforúkọsílẹ̀ gan-an, ilé ìdánwò tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é nítorí pé wọ́n máa gba àmì ìka, nítorí náà ẹni tó bá ní kó fowó ránṣẹ́ lórí WhatsApp kóun lè bá a ṣe é látilé, gbájúẹ̀ ni.

Fún ìwé kíkà fúnra ẹ̀, khanacademy.org ni mo máa ń júwe fún àwọn ọmọ mi. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó, ìṣirò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ení èjì títí dé ti yunifásítì. Fídíò ibẹ̀ ń jẹ dátà o, àmọ́ àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò ò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá sì kùnà, wọ́n máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án níkọ̀ọ̀kan.

Olóògùn Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Sáìtì kan tó yẹ kó wà lórí fóònù gbogbo ẹni tó ń ra oògùn ní Nàìjíríà ni greenbook.nafdac.gov.ng. Ibẹ̀ ni NAFDAC ń to àwọn oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí sí. Ká ní amlodipine lẹ rà fún bàbá, ẹ wo ara páálí, ẹ ó rí nọ́ńbà NAFDAC, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ orúkọ oògùn gan-an. Ohun tó ṣe pàtàkì kì í ṣe pé nọ́ńbà ọ̀hún wà níbẹ̀ nìkan o, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ bí wọ́n ṣe ń da nọ́ńbà oògùn ẹlòmíì kọ sára tiwọn, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, bóyá 5 mg ni àbí 10 mg, àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ohun tó wà lọ́wọ́ yín mu. Tí ọ̀kan ò bá bára mu, ẹ má fún bàbá lò ó, ẹ gbé e padà lọ fún ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ fi tó NAFDAC létí. Ọ̀pọ̀ oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò inú ara (antibiotics) náà tún ní ibi téèyàn ń ha lára páálí, nọ́ńbà máa jáde níbẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí èsì gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe àti nǹkan tó lè dá sílẹ̀ lára, ẹ yé lọ sí àwọn sáìtì tó jẹ́ pé wọ́n á sọ̀rọ̀ àìsàn tán wọ́n á wá ta àgbo tiwọn fún yín. Medlineplus.gov ni kẹ́ ẹ lọ, ilé ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, kò sí ìpolówó níbẹ̀. Nhs.uk ti àwọn ará Bìrìtìkó náà dáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò le. Bí àpẹẹrẹ, amlodipine yẹn lè jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, ẹ ó rí i kà níbẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé àìsàn mìíràn ló dé, ẹlòmíì á kàn sọ oògùn nù, ẹ̀jẹ̀ á wá ru sókè. Paracetamol lásán tí gbogbo wa ń gbé mì, NHS kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyọ 8 ti 500 mg ni àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kà bi dókítà léèrè, ẹ má fi dá oògùn bàbá dúró fúnra yín.

Bọ̀dé Mushin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò wá sáìtì kankan mọ́ láyé tèmi, AI ni mò ń bi, ìṣẹ́jú kan ó ti dáhùn, ó tún ń sọ Yorùbá. Kí ni mo tún fẹ́ máa kà kiri sí?

Tíṣà Ìlú

Bọ̀dé, kò burú, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ wò ó, tó o bá bi í pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ni yunifásítì báyìí ń bèèrè, ó lè fi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dá ẹ lóhùn, ó sì lè fi ti ilé ìwé mìíràn dá ẹ lóhùn, ohùn kan náà tí kò mì ló máa fi sọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni pé kí wọ́n ní kó fún wọn ní líǹkì ibi tó ti rí i, kí wọ́n wá ṣí líǹkì ọ̀hún, kí wọ́n fi ojú ara wọn kà á. Tí líǹkì yẹn ò bá ṣí, tàbí tó ṣí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò sí níbẹ̀, jù ú nù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ JAMB fún JAMB, NAFDAC fún oògùn nìyẹn. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kéèyàn lọ bá. Tí wọ́n bá yí nǹkan padà lónìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń wá a kún un, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé Google ní bá a ṣe ń darí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ site:gov.ng, tẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ ń wá tẹ̀ lé e, sáìtì ìjọba Nàìjíríà nìkan ló máa wá inú ẹ̀, gbogbo àwọn tó ń dà á kọ yẹn á pòórá. Tẹ́ ẹ bá kọ site:edu.ng, ilé ìwé wa ni. Tẹ́ ẹ bá fi filetype:pdf kún un, ìwé gidi ló máa kó jáde, kì í ṣe ìròyìn. Tó bá jẹ́ gbólóhùn kan pàtó lẹ̀ ń wá, bóyá ìlà kan nínú oríkì tàbí orin tẹ́ ẹ gbọ́, ẹ fi àmì "..." yí i ká, yóò wá a bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Nǹkan tó tún kan àwa Yorùbá ni pé kẹ́ ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i nígbà kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà kejì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i, ohun tí méjèèjì máa gbé jáde lè yàtọ̀ pátápátá. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí Sponsored lórí ẹ̀, ẹni kan ló sanwó kó lè wà lókè níbẹ̀, ẹ fò ó.

Ní ti dátà, ẹ wá ápù Kiwix sórí fóònù yín. Tẹ́ ẹ bá rí Wi-Fi ọ̀fẹ́ níbìkan, ẹ fi dáńlóòdù Wikipedia sínú ẹ̀, ẹ ó sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ti Gẹ̀ẹ́sì tóbi gan o, àmọ́ ẹ lè mú èyí tí kò ní àwòrán, tàbí èyí tó jẹ́ ti ìṣègùn nìkan. Ti Yorùbá kéré, àyọkà tó lé ní 30,000 ló wà lórí yo.wikipedia.org, yóò gba orí fóònù yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ojúewé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ibi tí wọ́n to ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wá sí. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣófo, mi ò gbára lé òkè.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àsìkò yìí o. Ìbéèrè màmá Àbẹ̀kẹ́ ló gbé mi dìde. Ẹ̀gẹ́ lèmi náà ń gbìn. Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967, wọ́n wà lára àwọn tó ṣe nǹkan tí wọ́n ń pè ní AKILIMO, ẹ wo akilimo.org. Ó máa bi yín nípa ibi tí oko wà, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn àti ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ wú u, iye tí wọ́n ń ta ajílẹ̀ ládùúgbò yín àti iye tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà á ṣe ìṣirò ajílẹ̀ tẹ́ ẹ nílò, ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé tí ajílẹ̀ bá ti wọ́n ju èrè tó máa mú wá lọ, á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má rà á. Ta ló ń bá àgbẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jà? Ẹni tó ń ta ajílẹ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Fún àìsàn ewé, PlantVillage Nuru ni. Ápù ni, ẹ ó gbé kámẹ́rà fóònù sórí ewé ẹ̀gẹ́, á wò ó bóyá àrùn tó ń mú ewé ká kò, tó ń sọ ọ́ di àdíkálà funfun àti àwọ̀ ewé yẹn ló mú un. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tán, ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò lóko. Ẹ má wo ewé kan péré, ẹ wo ti igi bíi mélòó kan káàkiri oko. Ó tún mọ kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo yẹn, èyí tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016 tó ba ti gbogbo wa jẹ́, kí màmá máa yẹ àárín ewé àgbàdo wò ní kùtùkùtù, tí wọ́n bá rí nǹkan tó dà bí ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi ayùn gé, kòkòrò ọ̀hún ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn.

Ti òjò, nimet.gov.ng, ti àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdún yẹn jáde, ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró, àti bí ọ̀dá inú oṣù Kẹjọ yẹn ṣe máa pẹ́ tó. Èmi ò ní gbin àgbàdo kìíní mọ́ láìwo ìyẹn. Òjò ẹyọ kan máa ń tan àgbẹ̀ jẹ, á rọ̀ tán, oòrùn á wá jó irúgbìn inú ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Màmá mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì o, kí ni kí n ṣe sí i?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ìwọ ni kó o máa bá wọn ṣe é, ọmọ mi. Pè wọ́n lórí fóònù, bi wọ́n ní ìbéèrè ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́, kó o wá ka èsì fún wọn ní Yorùbá. Àmọ́ gbọ́ tiwọn náà o, torí wọ́n mọ ilẹ̀ wọn. Tí AKILIMO bá sọ nǹkan kan tí màmá sì sọ pé apá ibí yìí nínú oko máa ń fa omi, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ dánwò ní ìwọ̀nba díẹ̀ ná.

Àyìnlá Manchester

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, inú mi dùn sí i. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un, owó àti ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn ará ilé ń pè mí pé ẹnì kan ti bá àwọn wá iṣẹ́ sí UK, kí n wò ó bóyá òótọ́ ni, wọ́n á sì ti san mílíọ̀nù lọ́nà bíi mélòó kan kí wọ́n tó pè mí. Kẹ́ ẹ tó san nǹkan kan, ẹ lọ sí gov.uk, ẹ kọ Register of licensed sponsors: workers. Gbogbo ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti gba èèyàn wọlé láti òkè òkun ló wà nínú ìwé yẹn, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n wà. Tí orúkọ tí wọ́n dá fún yín ò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, ẹ wá wẹ́ẹ̀bùsáìtì ilé iṣẹ́ yẹn fúnra yín, ẹ kọ̀wé sí íméèlì tó wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí alágbàtà fún yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa yín. Owó ìwé tí wọ́n ń pè ní CoS (Certificate of Sponsorship) yẹn, ìyẹn ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ èèyàn, agbanisíṣẹ́ ló ń san án fún ìjọba.

Èkejì, lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DV. Látìgbà DV-2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú ẹ̀, torí pé iye àwa tó ti wọ ibẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí òfin wọn gbà lọ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn èèyàn ṣì ń sanwó káàkiri fún ẹni tó ní òun máa bá wọn fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ físà Amẹ́ríkà, travel.state.gov ni kẹ́ ẹ ti kà á. Ẹ̀yin tí ìyàwó tàbí ọkọ yín jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, ìlànà wà lórí ibi tí wọ́n bí onítọ̀hún sí, ẹ kà á níbẹ̀ dáadáa.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń dá sáìtì ìjọba mọ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè fóònù yín, ẹ wá ibi tí / àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn orúkọ sáìtì, ẹ ka ohun tó wà ní kété kó tó dé ibẹ̀. Òun ló ni ilé, gbogbo ohun tó wà lápá òsì ẹ̀, ó lè fi orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Nimc.gov.ng, sáìtì àwọn tó ń ṣe NIN, jẹ́ ti ìjọba torí pé gov.ng ló gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wá rí nimc.gov.ng tí wọ́n tún kọ àmì tóótóó (.) àti ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, tí .com wá gbẹ̀yìn, ti ẹlòmíì nìyẹn, kódà kí àmì ìjọba kún ojú ibẹ̀. Àmì àgádágodo tẹ́ ẹ máa ń rí níbẹ̀ yẹn, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà ò lè ka ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Bùkọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá, Olúwa á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ti owó náà nìyí nílé o. Àwọn ápù tó ń yáni lówó yìí ti kó àwọn aládùúgbò mi sí wàhálà, wọ́n á wọ inú fóònù èèyàn, wọ́n á máa pe àna àti pásítọ̀ ẹ̀, wọ́n á pè é ní olè. Ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè mọ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí?

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́

Ó wà mà. Fccpc.gov.ng, ti àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, wọ́n ní ojúewé kan tí wọ́n to orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ láti máa yáni lówó lórí fóònù sí, wọ́n tún to èyí tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ẹ wá orúkọ ápù yẹn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sórí fóònù, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, tó bá lóun ò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá rí wọn, ẹ yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fowó sí kó lè pọ̀ sí i, sec.gov.ng ni, àwọn ló ń fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú láṣẹ. Ọ̀pọ̀ máa gbé ìwé CAC jáde fún yín. Òótọ́ ni pé ẹ lè wá orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì CAC fúnra wọn, cac.gov.ng, àmọ́ ìwé CAC ò sọ ju pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ, ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì náà lè forúkọ sílẹ̀, kò sọ ọ́ di bánkì. Gbogbo wa la rántí MMM ní oṣù Kejìlá 2016, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn èèyàn ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè pé ta ló fún wọn láṣẹ, bẹ́ẹ̀ SEC ti kìlọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọmọ Ìwé Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tó o fẹ́ràn ìwé àtijọ́, mo ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn mí. Archive.org ni ilé wa. Láti 1996 ni wọ́n ti ń kó wẹ́ẹ̀bùsáìtì pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì wá fi ìwé, àwo orin àti fídíò kún un. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀dà 1921. Ìwé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láyé, torí èyí tó kọ́kọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, òun fúnra ẹ̀ kú ní 1901, àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló lọ tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá ṣí i lórí fóònù mi, pé ọmọ tó wà lábúlé lónìí lè kà á láìsan kọ́bọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1843 náà, ẹ wá a, ẹ ó rí ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e. Sípẹ́lì wọn yàtọ̀ sí tòde òní, nítorí náà orúkọ òǹkọ̀wé ni kẹ́ ẹ fi wá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí ọjọ́ ẹ̀ ti pẹ́ ni mò ń sọ. Òfin wa ní Nàìjíríà ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ìwé tó di ti gbogbo ayé. Fágúnwà kú ní 1963, ìwé ẹ̀ ṣì ní olówó, ẹ bá mi rà á, ẹ má gba PDF tí wọ́n ń pín kiri.

Ilé yẹn kan náà ló ni web.archive.org. Tẹ́ ẹ bá ní líǹkì kan tó ti kú, bóyá ìwé ìròyìn tó ti kógbá wọlé tàbí sáìtì ìjọba tí wọ́n tún kọ́ tí gbogbo ojúewé àtijọ́ sì sọnù, ẹ lẹ líǹkì yẹn síbẹ̀, á gbé kàlẹ́ńdà kan jáde, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ojúewé yẹn pa mọ́ máa ní àmì roboto, ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ ó rí i bó ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Yorubaname.com ń kọ́? Ní 2015 ni Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ orúkọ, ẹ ó rí ìtumọ̀ àti àmì ohùn ẹ̀. Tí orúkọ ìdílé yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é o, pàápàá ẹ̀yin ará Oǹdó, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ní àwọn orúkọ tí àwa yòókù ò gbọ́ rí.

Ìkan tó kù, ó máa ń gbé mi lọ́kàn gan. Ní slavevoyages.org, wọ́n to orúkọ àwọn èèyàn tó lé ní 90,000 síbẹ̀, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ológun gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní bíi igba ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n kó lọ sí Freetown àti Havana. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ béèrè orúkọ kálukú, ó sì kọ ọ́ bí etí ẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti gíga ẹni náà, àti èbúté tí wọ́n ti gbé e. Ẹ fi Lagos tàbí Badagry wá a, kẹ́ ẹ ka orúkọ yẹn sókè ketekete. Sípẹ́lì ẹ̀ á rí gbágungbàgun lójú, àmọ́ ẹ ó gbọ́ orúkọ Yorùbá lẹ́nu ara yín, orúkọ ọmọdé ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ kọ gbẹ̀yìn yìí wọ̀ mí lára. Màá ka díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá dàgbà sí i. Wọ́n ṣì kéré báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹnu wọn, ṣé sáìtì ìtàn ọmọdé wà ní Yorùbá? Tó ní àwòrán?

Ọmọ Ìwé Ìbàdàn

Ó wà, africanstorybook.org. Ẹ yan Yorùbá níbi tí wọ́n to èdè sí. Ìwé kéékèèké aláwòrán ni, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì gbà kéèyàn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un dání, kẹ́ ẹ sì máa kà á sókè fún wọn. Sípẹ́lì ọ̀kan dáa ju òmíràn lọ níbẹ̀ torí àwọn èèyàn ló ń fi ọwọ́ ara wọn túmọ̀ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Bọ̀dé Mushin

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́ o, mo ti ṣí NiMet àti Greenbook wò lónìí. Èmi náà á fi tèmi sí i. Lichess.org, fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ chess. Ọ̀fẹ́ pátápátá, kò sí ìpolówó, kò sí ibi tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó rí ẹ̀kọ́ tó kàn, fóònù tó ti gbó pàápàá ń ṣí i. Látìgbà tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà, ti fi 60 wákàtí ta á ní Times Square ní New York ní oṣù Kẹrin 2024 ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń fẹ́ mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ wọn. Ẹ tẹ Learn, á bẹ̀rẹ̀ látorí bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn.

Télọ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ní ti àwa aránṣọ? Gbogbo èyí tí mo rí, wọ́n ń ta pátánì ni.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́

Àǹtí, ẹ wá FreeSewing lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n ara ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ránṣọ fún lẹ máa kọ síbẹ̀, á ya pátánì tó bá ara onítọ̀hún mu, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kò gba owó. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò àti kóòtù òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀ o, kò sí bùbá. Kẹ́ ẹ tó gé aṣọ, àpótí kékeré kan wà lórí bébà yẹn tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́. Tí kò bá pé ìwọ̀n yẹn, ẹ padà sí ibi tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ yí i sí 100%, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń sún un kì lọ́pọ̀ ìgbà láìsọ fún èèyàn.